Ọ̀wẹ̀ Àna Mi

Àìkú, ọjọ́ 2, oṣù 11

Mo parọ́ lónìí. Rárá — ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń parọ́, òní ni irọ́ náà wá bá mi jókòó nídìí oúnjẹ.

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí ìwé yìí nìkan ni mi ò tíì parọ́ fún. Lọ́jọ́ tí àwọn ará ilé mi lọ tọrọ Títílọpẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Ọlátúnjí, ni agbẹnusọ wa. Rédíò ni mò ń pè é nínú ìwé yìí, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó dìde, ó tún aṣọ ṣe léjìká, ó ní: "Ọmọ tí a mú wá yìí, ẹ́ńjẹ́níọ̀ ọ̀dínátọ̀ ni. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè ṣe agídí lọ́wọ́ rẹ̀." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín. Ẹ́ńjẹ́níọ̀! Èmi Tìmílẹ́yìn, tí mò ń bá èèyàn tẹ̀wé, tí mò ń ṣe fotokópì ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Arzèkè. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fa bébà tó bá há sẹ́nu ẹ̀rọ yọ. Ó tán. Títí mọ ṣọ́ọ̀bù náà dáadáa, àmọ́ ó rò pé èmi ni mò ń tún àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣe. Mi ò sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Lónìí, lẹ́yìn ìsìn, Dìrẹ́tọ̀ pè mí wá jẹun nílé wọn ní Banikanni. Dìrẹ́tọ̀ ni bàbá Títí. Ó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí, ó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Iyán, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, wàrà tó kún inú rẹ̀. Nígbà tí a jẹun tán, ó wọ yàrá lọ, ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ jáde. Ìborùn ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ló fi wé e. Ó rọra tú u sórí tábìlì.

Ó ní ọ̀rọ̀ kan máa ń jáde lójú ẹ̀rọ náà lójoojúmọ́: Wíńdọ́ọ̀sì tuntun ti dé, ọ̀fẹ́ ni, ṣé ẹ fẹ́ ẹ? Ó kọ́kọ́ ń kọ̀. "Àmọ́, ọmọ mi, tí èèyàn bá fi ìwà pẹ̀lẹ́ bi ọ́ ní ogójì ìgbà, ṣé o ò ní dá a lóhùn?" Ó tẹ "bẹ́ẹ̀ ni". Àárín iṣẹ́ ni iná lọ, bátìrì náà ò sì lágbára mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ojú ẹ̀rọ dúdú, nǹkan róbótó kékeré kan ń yí láàárín rẹ̀.

Ó wá wò mí. Ó ní nígbà tí òun fẹ́ fẹ́ ìyá Títí, òun kó ọ̀rẹ́ mẹ́jọ lẹ́yìn lọ sí Ṣábẹ̀, àwọn sì fi koríko bo ilé bàbá ìyàwó òun, ọjọ́ méjì gbáko. Ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Kò sí àna tí kì í ṣe é. "Páànù ló wà lórí ilé tèmi. Mi ò lóko. Ọ̀dínátọ̀ yìí ni ọ̀wẹ̀ tìrẹ."

Mo lè sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹnu mi ti là. Títí ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, ojú rẹ̀ ń dán. Mo ní: "Kékeré ni, Bàbá."

Kékeré ni! Ẹnu mi, o ò kúkú ní pa mí.

Ajé, ọjọ́ 3

Ó ń yí. Mo lọ jẹun, mo dé, ó ṣì ń yí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 4

Mo ti fún ẹ̀rọ náà lórúkọ: Àgbà. Ó wúwo, kì í dáhùn kíákíá, ó sì ń wò mí bíi pé ó mọ̀ mí.

Mo wo fídíò kan lórí fóònù. Ọ̀gbẹ́ni kan ń fi Faransé ṣàlàyé, wéré-wéré, bíi pé iná ń jó o. Ó ní tí gbogbo ẹ̀ bá ti sú ọ, kí o gbé Wíńdọ́ọ̀sì tuntun sórí kílé USB, kí o tì í bọ ẹ̀rọ náà lára, kí o bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí aago mẹ́wàá, Àgbà jí. Ó bi mí níbo ni òun máa fi ètò tuntun náà sí. Ó to ìpín mẹ́rin sílẹ̀ kí n yan ọ̀kan. Èyí tí mo bá yàn, ó ní kò ṣeé ṣe. Ọ̀gbẹ́ni inú fídíò ní kí n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́.

Mo pa èkínní. Mo pa èkejì. Ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin ló tóbi jù, òun nìkan ló sì ní orúkọ. "Cahier" ni wọ́n kọ sí i, Kàyé, ìwé àkọsílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé ọmọ ilé-ìwé.

Ọwọ́ mi dúró. Fóònù wà lápò mi, nọ́ńbà Dìrẹ́tọ̀ wà nínú rẹ̀. Bàbá, kí ló wà nínú Kàyé yìí? Ìbéèrè kan péré. Àmọ́ ta ló ń ṣe ọ̀wẹ̀ tó ń pe bàbá ìyàwó láti oko pé ẹ jọ̀ọ́, èwo ni koríko, èwo ni iṣu? Wọ́n á ní kó máa bọ̀ nílé. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ rárá. Kò tó ìgbà téèyàn fi ń sín.

Lẹ́yìn náà ló bi mí irú Wíńdọ́ọ̀sì tí mo fẹ́: ti Ìdílé ni, àbí ti Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ti Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni mo mú. Ẹ́ńjẹ́níọ̀ kúkú ni mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 5

Ó tàn! Àgbà tàn, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Mo jó níwájú oníbàárà kan tó wá ṣe fotokópì ìwé ìbí ọmọ. Obìnrin náà kí mi kú oríire, kò mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tó yá, mo rí ọ̀rọ̀ kan nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún, ó ṣú fírífírí: ẹ lọ fún Wíńdọ́ọ̀sì yín ní àṣẹ. Mo tẹ̀ ẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ló ń béèrè, lẹ́tà àti nọ́ńbà márùndínlọ́gbọ̀n. Kọ́kọ́rọ́ wo? Ṣebí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni?

Dìrẹ́tọ̀ pè. "Ẹ́ńjẹ́níọ̀ mi, ọ̀wẹ̀ ńkọ́?" Mo ní ó ti ń parí lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6

Mo da Àgbà dé láti wá kọ́kọ́rọ́ náà. Bébà kan lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i ti pa rẹ́ lórí itan Dìrẹ́tọ̀. Mo rí nọ́ńbà méjì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo tẹ̀ wọ́n, ó kọ̀. Mo tẹ ẹlòmíì, ó kọ̀. A kì í mọ̀ ọ́n gún mọ̀ ọ́n tẹ̀ kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Àmọ́ èmi ò tíì mọ iyán gún rárá.

Àìkú, ọjọ́ 9

Mi ò mọ bí màá ṣe kọ tòní. Kí n kọ ọ́ ṣáá.

Mo gbé Àgbà lọ sí Banikanni lẹ́yìn ìsìn. Mo ti pinnu pé tó bá bi mí nípa ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn, màá sọ pé òfin tuntun ni. Dìrẹ́tọ̀ fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kàn án. Ó wọ dígí ojú, ó ṣí i, inú rẹ̀ dùn. Ó kí mi. Ó tún kí mi. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan. Ó wò síbí, ó wò sọ́hùn-ún. "Kàyé mi dà?" — bí ẹni tó ń wá fìlà. Ó tún wá a. Títí wà lóde, ó ń sá ata. "Kàyé mi dà, Tìmílẹ́yìn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà ẹ̀rọ náà.

Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí Títí má baà gbọ́. Ó ní ó ti tó ọdún méjì báyìí tí orí òun ti ń já òun sílẹ̀. Ó ní òun dé Arzèkè lọ́jọ́ kan, òun ò mọ nǹkan tí òun wá rà. Lọ́jọ́ mìíràn, òun ò mọ ọ̀nà ilé mọ́, òun sì tijú láti béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kadà torí pé òun ló kọ́ ọ ní ìwé. Ohun tí òun ń gbàgbé ni òun ń kọ sínú Kàyé náà. "Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ èmi ni mo pa á rẹ́, ọmọ mi. Mo ti lè tẹ nǹkan tí kò yẹ. Ó ṣeé ṣe, àbí?"

Mo ní: "Ó ṣeé ṣe, Bàbá."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi yìí. Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bíi pé dókítà ló sọ fún un. Ó ní kí n má sọ fún Títí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé ẹ̀rọ náà tàn, ó sì fún mi ní iṣu ńlá kan, torí pé ẹni tó bá ṣe ọ̀wẹ̀ kì í lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Iṣu náà wà lábẹ́ ibùsùn mi.

Ajé, ọjọ́ 10

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mo ti máa ń gbọ́ ọ láti kékeré, mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lásán ni.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 11

Títí wá sí ṣọ́ọ̀bù láti ilé-ìwé jẹ́léósinmi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, ẹfun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ò jẹun láti ọjọ́ Àìkú. Ó ti fún aládùúgbò ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀, ó ní òun ò gun ún mọ́. Ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíì tí yóò máa ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lánàá ó fẹ́ lọ fá irun, ibi tí kò ju ìṣísẹ̀ ọgọ́rùn-ún lọ, ó dúró sẹ́nu géètì títí Títí fi dé kó lè bá a lọ. Ó ti wá sọ ìdí rẹ̀ fún un fúnra rẹ̀: pé òun pa ìwé òun ọdún méjì rẹ́, òun ò sì mọ ìgbà tí òun ṣe é.

Títí ń sunkún. Ó bi mí: "Ìwọ tí o mọ ẹ̀rọ, ṣé èèyàn lè pa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rẹ́ láìmọ̀?"

Mo ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ le. Mo ra omi tútù fún un. Mo tilẹ̀ fi ọwọ́ kàn án léjìká. Ta ni mí gan-an?

Ọjọ́rú, ọjọ́ 12

Mo lọ gbé Àgbà. Mo purọ́ pé mo fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn kúrò. Dìrẹ́tọ̀ ò wo ẹ̀rọ náà. "Gbé e lọ. Mo lè tún ba nǹkan mìíràn jẹ́." Ó ti rù láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ láàárọ̀, ó da súwẹ́tà bora, ó jókòó sójú kan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 13

Mo lọ sí Zongo. Obìnrin kan wà níbẹ̀, Ìkírámátù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń kẹ́rù. Òun ni ọ̀gá mi máa ń gbé ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù lọ bá tó bá bàjẹ́. Ìyẹn ni pé láti ọdún mẹ́rin ni mo ti mọ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, tí ibi tó wà kò sì jìnnà. Kàkà kí n lọ, fídíò ni mò ń wò.

Ó wo ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló ní kí o fi ti Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sí i?"

Mo nàka sí ara mi.

"Àbúrò, ti Ìdílé ló bá ẹ̀rọ yìí wá. Ọ̀fẹ́ tí wọ́n sì fún un, ti Ìdílé ni. Kò nílò kọ́kọ́rọ́ kankan. Àwọn tó ni Wíńdọ́ọ̀sì ti kọ ẹ̀rọ yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Fi irú tirẹ̀ sí i, ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì fún un, wọ́n á dá a mọ̀. Wàlá, ó tán."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo fi ń wá kọ́kọ́rọ́. Ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ló bá dúró. Ó bi mí kí ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú mi ló rí. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo sọ fún un — ìpín mẹ́rin, Kàyé, àna mi, ọ̀wẹ̀, gbogbo ẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́.

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní: "Wọ́n fún ọ ní ọ̀wẹ̀, o dá a ṣe? Ta ló ń dá ọ̀wẹ̀ ṣe?" Ó tú Àgbà, ó yọ ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí. Ó ní òun á wá ohun tó bá ṣẹ́kù, àmọ́ kí n má retí púpọ̀, torí mo ti da ètò tuntun lé e lórí. Kí n padà wá ní Àbámẹ́ta.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 15

Ojú ewé mọ́kànlá. Nínú ọdún méjì, ojú ewé mọ́kànlá ló ṣẹ́kù, òmíràn já láàárín. Ìkírámátù ní òun ò kà á, nítorí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni. Ó fi wọ́n sórí kílé, ó ní kí n kà á kí n lè mọ bóyá òun ni.

Òun ni. Mo kà á lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, àwọn ọkọ̀ ń kẹ́rù níwájú mi. Díẹ̀ nìyí, bó ṣe kọ ọ́:

"Lónìí mo pe Títí ní orúkọ ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dáhùn. Kò sọ nǹkan kan."

"Ọ̀nà ilé láti Arzèkè: tí o bá kọjá mọ́sálásí, yà sọ́wọ́ òsì, ibi igi máńgòrò méjì. Má béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Ìyá Títí kì í fi iyọ̀ sí wàrà. Kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n."

"Ọmọkùnrin tó ń fẹ́ Títí: Tìmílẹ́yìn. Tínrín. Ó máa ń bo ẹnu tó bá ń rẹ́rìn-ín. Kì í jẹ ilá."

Èyí tó kẹ́yìn:

"Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní ẹ́ńjẹ́níọ̀ ni. Mo béèrè ní Arzèkè, fotokópì ló ń ṣe. Iṣẹ́ kì í ṣe ohun ìtìjú. Má sọ nǹkan kan. Jẹ́ kó sọ fún ọ fúnra rẹ̀. Màá fún un láǹfààní."

Ó mọ̀. Ó ti mọ̀ kó tó gbé ẹ̀rọ náà fún mi. Ọjọ́ tó tú ìborùn yẹn, tó ń sọ̀rọ̀ ọ̀wẹ̀, tó wá wò mí — ó ń dúró kí n sọ pé mi ò lè ṣe é ni. Èmi sì ní kékeré ni. Mo wá lọ pa ibi tó kọ ọ́ sí rẹ́, ó sì ti gbàgbé pé òun mọ̀.

Ìkírámátù fi ti Ìdílé sí i níṣojú mi, ó ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì. A ò mu tíì tán tí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn fi lọ. Wọ́n ti dá Àgbà mọ̀. "Àlùámùdùlílàì," ló wí, ó dì í fún mi.

Àìkú, ọjọ́ 16

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo pa fóònù.

Ajé, ọjọ́ 17

Títí wá kan ilẹ̀kùn. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kí a fa ìdána wá sí Àbámẹ́ta, ọjọ́ 29, kí a má dúró de oṣù tó ń bọ̀. Ó ní òun fẹ́ ṣe é nígbà tí òun ṣì mọ ojú ẹni tí òun ń fi ọmọ fún.

Rédíò ti gbọ́, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ti ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Ẹ́ńjẹ́níọ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Mo fẹ́ sọ fún Títí lójú ẹsẹ̀. Mi ò sọ ọ́. Iṣu ṣì wà lábẹ́ ibùsùn. Ọ̀la, mo búra.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18

Mo ti sọ ọ́.

Títí wà níbi iṣẹ́. Dìrẹ́tọ̀ nìkan ló wà nílé, nínú súwẹ́tà yẹn. Mo gbé Àgbà kalẹ̀, mo gbé àpò ìwé tí mo tẹ ojú ewé mọ́kànlá náà kó sínú rẹ̀ lé e lórí, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. Ó ní kí n dìde, pé a ò tíì ṣe ìdána. Mi ò dìde. Ilẹ̀ ni mo ti sọ ọ́: pé èmi kì í ṣe ẹ́ńjẹ́níọ̀, pé mo rí orúkọ tó wà lára Kàyé kí n tó pa á rẹ́, pé mo mọ̀ lọ́jọ́ tó bi mí. Pé èmi ni.

Ó tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀.

Ó ní: "Kì í ṣe èmi?"

"Ẹ̀yin kọ́, Bàbá."

"Kì í ṣe orí mi?"

"Kì í ṣe orí yín. Ọwọ́ mi ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo gbójú sókè, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ súwẹ́tà náà sọnù. Ó jáde ní géètì, òun nìkan, ó rìn dé ọ̀dọ̀ obìnrin Fúlàní tó ń ta wàrà lójú títì, ó rà á, ó padà wálé. Mo ṣì wà nílẹ̀. Ìgbà yẹn ni inú wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Ó ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ní òun ti ń kí ara òun pé ó dìgbóṣe fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, èmi sì ń wo òun. Kò pariwo. Ó sàn kó pariwo.

Ó ní kí n má sọ fún Títí, òun fúnra òun ló máa sọ ọ́, ọ̀rọ̀ bàbá sí ọmọ ni. Kí n wá ní Àbámẹ́ta kí n gbọ́ ohun tí òun bá pinnu. Ó fi àpò ìwé náà sínú Bíbélì.

Mo sun dáadáa. Ojú ṣì ń tì mí, àmọ́ ó ti ń tì mí níwájú ẹnì kan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 20

Fóònù ò dún. Mo ní kí ọ̀gá mi pè mí kí n lè mọ̀ bóyá ó bàjẹ́. Kò bàjẹ́.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 22

Mo dé Banikanni ní aago mẹ́rin. Mo ti to gbogbo ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ lórí.

Dìrẹ́tọ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó wọ súwẹ́tà náà. Ó ní: "Ẹ́ńjẹ́níọ̀ mi! Wọlé, wọlé."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó tọ́ sí mi. Mo jókòó. Ó bi mí nípa iṣẹ́, ó bi mí nípa Rédíò. Títí kí mi láti kíṣìnì, ohùn rẹ̀ dára, kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Dìrẹ́tọ̀ fà mí mọ́ra, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bíi ti ọjọ́ Àìkú yẹn gẹ́lẹ́.

"Tìmílẹ́yìn, mi ò rí Kàyé mi mọ́. Mo rò pé èmi ni mo pa á rẹ́. Má sọ fún Títí."

Bíbélì wà lórí tábìlì. Àpò ìwé náà yọ etí díẹ̀ nínú rẹ̀.

Kò rántí. Mo wò ó lójú dáadáa, kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo ohun tí mo sọ lórí ilẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ti lọ, ẹ̀rín náà lọ, ìbínú náà lọ. Ìbẹ̀rù rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù. Yàtọ̀ sí Ìkírámátù, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ àyàfi òun, èmi àti ìwé yìí. Ìdána ku ọ̀sẹ̀ kan. Tí mo bá dákẹ́, ẹ́ńjẹ́níọ̀ ni mí títí ayé.

Kí n kọ ọ́ pé mo rò ó. Mo rò ó dáadáa. Ó tó ìgbà tí obìnrin kan fi kiri ata kọjá lójú títì tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Kì í ṣe èmi?" — bíi ti àkọ́kọ́. "Kì í ṣe orí mi?" Ó rẹ́rìn-ín, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìdùnnú náà tún dé bíi pé kò dé rí, mo sì mọ̀ báyìí pé ó tún máa lọ, àti pé irọ́ ni apá kan ohun tó ń dùn mọ́ ọn nínú. Orí rẹ̀ ń lọ lóòótọ́. Pípa Kàyé rẹ́ nìkan ni kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀.

Mo pe Títí. Ó jáde, ó ń nu ọwọ́ sí ìró. Mi ò dìde nílẹ̀. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, fún ẹni tí kò ní gbàgbé.

Kò pariwo. Ó yọ àpò ìwé náà nínú Bíbélì, ó ka gbogbo ojú ewé mọ́kànlá lórí ìdúró, títí dé ibi ilá, títí dé ibi fotokópì. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà léjìká bàbá rẹ̀. Nígbà tó kà á tán, kò wò mí. Ó gbé Àgbà wá síwájú mi, ó ṣí i.

"Kọ ọ́ síbẹ̀ fún un. Kó máa rí i kó tó rí ohunkóhun."

Mo bi í nípa ọjọ́ 29. Ó ní kí n kọ ọ́ ná.

Mo ṣí Kàyé tuntun. Dìrẹ́tọ̀ wọ dígí ojú, ó fara tì mí kó lè máa wò ó, ó dùn mọ́ ọn bí olùkọ́ tí ọmọ ń kọ̀wé fún. Ohun tí mo kọ nìyí: "Ìwọ kọ́ lo pa ìwé rẹ rẹ́. Tìmílẹ́yìn tó ń ṣe fotokópì ní Arzèkè ló pa á rẹ́, ó sì jẹ́ kí o rò pé ìwọ ni." Mo fi í pamọ́ sí ibi mẹ́ta.

Dìrẹ́tọ̀ kà á sókè. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá yíjú sí mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó bi mí ta ni Tìmílẹ́yìn.

Títí ti fi ọwọ́ bo ojú. Mo ní: "Èmi ni, Bàbá."